Ibi Tí Odò Gbé Ẹrù Wa Lọ

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìjàrẹ́, mo ti dé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, eyín ẹnu mi ò sì dín. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n kọ ìrìn-àjò náà sílẹ̀, nítorí pé bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, inú á bí mi débi tí n ó fi gbàgbé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo sì ti lo ìyókù ayé mi ní Àkúrẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé níbí yóò jókòó pẹ́.

Ẹ bi mí bóyá mo rí Ọlọ́run ní Oǹdó. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni mo rí lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé Oǹdó, iṣẹ́ ọwọ́ tiwa ni mo rí.

Ẹsẹ̀ lásán

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ara ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ọkùnrin ìjọ wa ní Àkúrẹ́ máa ń wọ aṣọ funfun, a ó bọ́ bàtà, a ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Oǹdó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń rìn ín. Lẹ́yìn ìlú náà, odò kékeré kan wà nínú igbó kòkó, tí Wòlíì wa ń pè ní Odò Ìtúsílẹ̀. Kí a tó kúrò nílé, oníkálukú á ti kọ ìṣòro rẹ̀ sínú ìwé, á fi ọ̀rá wé e dáadáa kí omi má bàa pa ohun tó kọ rẹ́, á wá so ó mọ́ kànìnkàn tuntun. Bí a bá dé odò, a ó gbàdúrà, a ó wẹ̀, a ó ju kànìnkàn, ọṣẹ àti aṣọ tí a fi wẹ̀ sínú omi, a ó sì kúrò níbẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, ẹrù rẹ̀ á bá a padà sílé, á sì mú ẹrù ẹlòmíràn mọ́ra.

Èmi ni mo máa ń rán aṣọ ìwẹ̀ náà fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ bá wọn rìn, nítorí pé ọdún yìí ni mo ní ẹrù. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń gbọ̀n. Mo gé ṣòkòtò fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàká, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ń bi í bóyá ó fara pa. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rẹ́rìn-ín, nítorí aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, òǹwòran ló kù tó máa jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Olúwa, ọwọ́ mi.” N kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé Ó mọ ìyókù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Ọ̀wẹ̀nà. Ìkùukù bo ojú odò ńlá náà. Bí oòrùn ṣe ń yọ, ìkùukù ọ̀hún ń ká ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti etí kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ká aṣọ funfun lórí tábìlì. Ẹyẹ kan tó tóbi ju adìyẹ lọ fò kọjá lórí wa, ìró ìyẹ́ rẹ̀ dà bí èémí ẹni tó sáré dé. Lápá òsì, òkè Ìdànrè yọrí lókèèrè, ó dúdú, ó dákẹ́, bí ohun tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní orúkọ. Mo dúró. Mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé Ẹni tó rán èyí kò lo téèpù. Ó ní kí n máa rìn, wọ́n ti ń fi wá sílẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. A ń kọrin pé Ọlọ́run ló dá ọ̀run òun ayé, a ń pàtẹ́wọ́, bí ẹnì kan bá sì ti mu píọ̀ wọ́tà tán, á ju ọ̀rá rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà láì tilẹ̀ dá orin dúró. Ọ̀rá ń tẹ̀ lé wa bọ̀ láti Àkúrẹ́ bí ìgbà tí à ń sàmì sọ́nà kí a má bàa sọnù. Ta là ń kọrin náà fún gan-an? Bí mo bá wọ ilé yín, tí mo ń yìn yín pé ẹ mọ ilé kọ́, tí mo sì ń tutọ́ sí pálọ̀ yín bí mo ṣe ń yìn yín, ṣé ẹ ó ní kí n máa yìn yín lọ? Mo rìn bí ọ̀pá mélòó kan pẹ̀lú ọkàn olódodo, mò ń mi orí sí wọn, títí mo fi rí i pé ọwọ́ èmi náà ti ṣófo, n kò sì mọ ibi tí mo ju tèmi sí.

Ọbẹ̀ dúdú

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta la wọ Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Oǹdó ò jìnnà, mọ́tò lẹ fi ń lọ. Fún ẹni tó fẹsẹ̀ lásán débẹ̀, òkè òkun ni. Àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí àwọn oníṣòwò ará Ọ̀yọ́ lọ́jà Àkúrẹ́ ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀, mo rò pé kò sí Yorùbá tó lè bọ́ lọ́wọ́ etí mi. Obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ nídìí kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a wọ̀ sí. Mo tẹ́tí, mo mú ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì ni orúkọ Jésù. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n yí ohùn padà sí èyí tí a fi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n bèèrè ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń bèèrè ọmọ.

Ará Oǹdó mọ àlejò tọ́jú, n kò ní fi ìyẹn du wọ́n. Ẹni tó gbà wá sílé jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Omi gbígbóná oníyọ̀ ló fi ń wẹ ẹsẹ̀ wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń wẹ̀ ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iyán jáde pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó. Mo ti gbọ́ orúkọ ọbẹ̀ náà rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ó dúdú bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde nínú ẹ́ńjìnì. Mo gbàdúrà lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó kù ti jẹun dé ìdajì kí n tó ní “Àmín.” Nígbà tí mo fi òkèlè kan bọ̀ ọ́, ó korò díẹ̀, ó wá ń dùn bọ̀ láti ẹ̀yìn ahọ́n. Mo tọrọ ẹ̀ẹ̀kejì. Mo tọrọ ẹ̀ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo sọ fún tíṣà pé odò la ń lọ láàárọ̀, ó gbé àwo iyán kalẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ bá mi kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò.” Mo ní wọn yóò gbọ́. Mo rò pé ìkíni lásán ni.

Bí mo ṣe yí po

Inú igbó kòkó tutù bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀. Ewé gbígbẹ rọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ara igi gan-an ni èso kòkó so mọ́, kì í ṣe ẹ̀ka, bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ní òun ò ní ṣe tirẹ̀ bí òun ṣe ṣe ti ọsàn àti máńgòrò. Omi odò náà mọ́ lókè níbẹ̀, ó ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́. A wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù mú mi débi tí mo gbàgbé àdúrà tí mo ti ń há sórí láti Àkúrẹ́, mo kàn ń wí pé, “Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́.” Mo fọ ara mi, mo ju gbogbo rẹ̀ sómi, mo jáde. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi síwájú. Kò gbọ̀n. Mo tún un nà. Kò gbọ̀n. Mo bá wọn tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọrùn tó le bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rọ ọrùn fún, kí ojú mi má bàa ṣèèṣì yà.

A ti rìn díẹ̀ kí n tó rántí pé awò ojú mi wà lórí òkúta létí odò. Láìsí awò yẹn, n kò lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Mo dúró, mo rò ó. Wòlíì ní a ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò sọ pé a ò gbọdọ̀ yí po. Bí mo bá yà sínú oko kòkó lápá ọ̀tún, tí mo sì ń lọ síwájú, síwájú, láì yí orí padà rárá, mo gbọ́dọ̀ yọ létí odò náà lápá kejì, ojú mi níwájú ni n ó sì ti rí òkúta mi. Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà. Mo yà. Ìdajì wákàtí ni mo fi ń lọ síwájú, ẹ̀gún gún mi, ìdin igi já lé mi lọ́rùn, mi ò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo yọ, ipa odò ni mo yọ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ odò

Òkúta gbígbẹ ni, àti ẹrẹ̀ tó ti sán. Mo tẹ̀ lé e sísàlẹ̀. Káńpù àwọn olóko kòkó ni mo bá ara mi, ilé alámọ̀ bíi mẹ́jọ. Ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti òdìkejì pẹ̀lú garawa omi lórí, ó ń rìn bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ibì kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji lé. Lábẹ́ ibòji náà, ọ̀rá dúdú kéékèèké tò lọ súà, irúgbìn kòkó kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ewé tuntun kòkó máa ń pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tó di tútù, ó rẹwà lójú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níbẹ̀ ti rọ, etí wọn ti jó.

Mo kí i, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

Ó wo aṣọ mi láti òkè dé ilẹ̀. “Ẹ tún ti dé. Ṣé ẹ ti wẹ̀ tán?”

Mo ní a ti wẹ̀.

“Ẹ kú ìwẹ̀. Èmi ò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.”

Ìyá Túndùn ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi ìkòkò kékeré bu omi sí irúgbìn bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, kò fi mí pe ènìyàn tó yẹ kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún. Ọkọ rẹ̀ ló gba ilẹ̀ náà dá oko lọ́wọ́ ìdílé kan ní Oǹdó láyé àtijọ́. Ọkọ kú. Iná ọyẹ́ jó oko kòkó náà tán. Àwọn onílẹ̀ wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò ní lé opó, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí igi kòkó bá wà lórí ilẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ fi jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá bá kòkó kéékèèké nínú ilẹ̀, kó máa gbé ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bá ilẹ̀ òfìfo, kó kó ẹrù rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní kù sínú àwọn ọ̀rá dúdú wọ̀nyẹn, odò tó yẹ kó máa bomi rin wọ́n kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ó ní kí n wá wo ìdí rẹ̀. Kò jìnnà. Òkúta ńlá méjì fún odò náà láàárín, àlàfo tó wà níbẹ̀ ò ju ìbú ilẹ̀kùn lọ. Àlàfo náà ló dí.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i. Kànìnkàn oríṣiríṣi àwọ̀, kì í ṣe kànìnkàn ìbílẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò tó máa ń jẹrà, èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe ni, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ ló ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìgò òróró àdúrà. Páálí ọṣẹ. Ìwé oníkálukú nínú ọ̀rá tí a dì pa kí omi má bàa wọ̀ ọ́, omi ò sì wọ̀ ọ́. Aṣọ funfun ló wé gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí okùn ṣe ń di ìtí igi. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ti yà sínú igbó, ó ti di àbàtà, ó ń rùn.

Mo tẹ̀ sún mọ́ aṣọ náà. Okùn aláwọ̀ búlúù wà létí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, okùn funfun tán lọ́wọ́ mi, mo sì fi búlúù parí iṣẹ́. Mo rán an ní ìlọ́po méjì. Ìgbéraga mi láàárín àwọn aránṣọ Àkúrẹ́ ni pé iṣẹ́ mi kì í já.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ kúrò. Ó ní ta ni yóò yọ ọ́. Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo káńpù, àwọn náà ń gbàdúrà, àwọn náà mọ ohun tí kànìnkàn inú odò túmọ̀ sí: àìsàn ẹnì kan ni, tàbí èpè, tàbí àgàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ti ẹni tí kò mọ̀. Òun nìkan ló dán an wò. Ìgò gé e, ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Káńpù ní ó ti gba ẹrù ará Àkúrẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀ nínú àwo kan náà. Ó fi ọwọ́ náà hàn mí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín,” ló wí. “Ẹ bá wa gbé e.”

Ẹ ó rò pé mo wọ inú omi lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san? Mo ní mo máa bá Wòlíì wa sọ ọ́. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo gba ipa odò padà lọ mú awò ojú mi, mo sì wo gbogbo ẹ̀yìn tó wà láti wò.

Èmi àti Wòlíì

N kò ní sọ pé ènìyàn burúkú ni Wòlíì wa. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, òun ló sì ṣíwájú wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán láti Àkúrẹ́. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, òun ló máa ń gbààwẹ̀ fún un kí bàbá ọmọ tó rántí. Mo bá a nínú ọgbà tíṣà, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

“Bùọ̀dá Tìmó, odò Ọlọ́run ni. Omi á gbé e lọ.”

“Á gbé e lọ síbo, Wòlíì?”

“Síbi tí Ọlọ́run bá fẹ́.”

“Ìyá kan ló ń gbé ibẹ̀, sà. Mo bá a sọ̀rọ̀.”

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé ẹ bojú wẹ̀yìn ni?”

Kí n tó dáhùn, ẹni tó tẹ́ ẹní rẹ̀ ti tèmi ti ká a. Àwọn tó kù fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi bí ìgbà tí iná ń jó lára mi. Wòlíì ní òun á máa rántí mi nínú àdúrà. Ó ní ní ti odò, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, yóò kó àwọn obìnrin wá fún ìwẹ̀ tiwọn, wọ́n sì pọ̀ ju àwa ọkùnrin lọ, kí n má lọ dẹ́rù bà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò ò ní tíì rọ̀. Mo rí àwọn ọ̀rá dúdú náà lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Ọlọ́run dá omi, Ó wò ó, Ó ní ó dára, ìgbà yẹn àwa ò tíì sí níbẹ̀ láti bá A ṣàmín. Nígbà tí Ó dá wa, ọgbà ló fi wá sí, Ó ní ká máa tọ́jú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ààtàn ni. Àwa náà la ń pariwo pé èṣù ń ba ayé jẹ́. Èṣù wo ló rán aṣọ olókùn búlúù? A bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹrù wa, nígbà tí Ó sì na ọwọ́, a kọjá lára Rẹ̀, a lọ dà á sí ẹnu ọ̀nà opó. A tún ní ká má bojú wẹ̀yìn. Mo ti wá rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn yóò rí i.

Ọwọ́ òsì

Láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń múra àtipadà sílé, mo tọrọ ráàkì tó fi ń kó ewé jọ lọ́wọ́ tíṣà. Ó fún mi ní ráàkì, ó wọlé, ó tún mú bàtà òjò jáde, ó ní òun ti ń retí ẹni tí yóò wá tọrọ rẹ̀ ó pẹ́.

Ìyá Túndùn jókòó lórí òkúta, ó ń wò mí. Mo na ráàkì láti ọ̀nà jíjìn, apá mi nà tán, orí mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fi igi ti ejò. Ráàkì há. Mo fà á títí, kò wá. Ó di dandan kí n fọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ka ẹsẹ Bíbélì kan, mo tún un kà. Mo wá rò ó pé bí mo bá máa pàdánù ọwọ́ kan, kó kúkú jẹ́ òsì. Mo ki òsì bọ̀ ọ́. Òsì ò lágbára tó.

“Bàbá,” ni Ìyá Túndùn wí, “ṣé ọwọ́ òsì lẹ fi jù ú síbẹ̀ ni?”

Ojú tì mí. Mo ki ọ̀tún bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbúnwọ́. Ó ń yọ̀, ó tutù, nǹkan kan gbá mi lọ́wọ́, mo kígbe orúkọ ìyá mi, kì í sì í ṣe orúkọ Olúwa. Ìgò òróró ni. Mo yọ ọ́. Mo yọ kànìnkàn kan, mo yọ òmíràn. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún, mo dẹ́kun àtimáa ronú nípa ẹni tó ni wọ́n, nítorí ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Aṣọ ló le jù. Mo fà á, mo fi ẹsẹ̀ ti òkúta, mo fà á, iṣẹ́ ọwọ́ mi ò já, mo sì ṣépè fún aránṣọ tó rán an. Ìyá Túndùn sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó wú dì mí mú níbàdí, a jọ fà á.

Ó tú lẹ́ẹ̀kan náà. Omi gbé wa jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó kọ́kọ́ dúdú, ó wá pọ́n, ó ń ti ewé gbígbẹ síwájú nínú ipa rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé tó ti fi sílẹ̀ pẹ́. Ìyá Túndùn dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, kò dúró kí mi. Nígbà tí mo bá a, ó ti wà lẹ́bàá irúgbìn rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ara igi wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ, ó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí abẹ́ awọ rẹ̀ ṣì tutù, ó bomi sí i. Àwọn tó kú pọ̀. Ó ní àwọn tó kù lè tó, bí omi ò bá tún dá dúró kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Mo bojú wo ọwọ́ mi. Ó ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ló padà. N kò wò ó pẹ́. Mo kí Ìyá Túndùn pé ó dàbọ̀, mo ní tíṣà ní kí n kí i.

Ó na ìka sí òkìtì tí mo kó jọ sẹ́bàá odò. “Èyí ńkọ́?”

Mo ní bóyá kí a dáná sun ún.

“Kí èéfín rẹ̀ wá bà lé irúgbìn mi?” Ó wọlé, ó mú àpò kòkó kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Ẹ kó o relé.”

Àpò náà

Dírẹ́bà àkọ́kọ́ bi mí ohun tó wà nínú àpò, mo sọ fún un, ó fi mí sílẹ̀ létí títì. Èkejì ò bi mí.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ ìjẹ́rìí. Gbogbo ẹni tó bá ti Oǹdó dé yóò jáde sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Nígbà tó kàn mí, mo wọ́ àpò náà wọlé láti ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀ bọ̀ títí dé iwájú pẹpẹ. Mo tú ẹnu rẹ̀. Òórùn odò kún ilé náà. Mo sọ ọ́ láì lo ọgbọ́n kankan: mo ní ẹrù wa rèé, odò ò gbé e lọ síbì kankan, ẹnu ọ̀nà ìyá kan ló gbé e sí. Mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ ti irúgbìn rẹ̀, mo sọ ohun tí àwọn onílẹ̀ wí. Mo ní mo fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, n kò sì ka ìwé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá lọ da tiwọn lé e nígbà tó bá kàn wọ́n, ìyá náà yóò kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ ti sún sẹ́yìn. Àwọn kan fi aṣọ bo imú, àwọn kan ń gbàdúrà sínú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n mú mi jáde. Wòlíì dúró lórí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ lórí Bíbélì. N kò purọ́ fún yín, bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi ni, ǹ bá ti sá.

Ìyá Ìjọ dìde. Wọ́n fún un lọ́nà. Ó rọra dé ibi àpò náà, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń mú ìwé inú ọ̀rá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú ìdè wọn, ó ń dá wọn padà, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó pẹ́. Ó wá mú ọ̀kan, ó tú u, ó sún un jìnnà sójú, ó kà á. Ó ká a, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀.

“Tèmi rèé,” ló wí. “Ọdún mẹ́ta ni mo ti jù ú. Ọlọ́run ti gbọ́ ọ níbí, nínú ilé yìí, kí n tó gbé e lọ dí omi ọmọ ẹlòmíràn.”

Ó yíjú sí àwọn obìnrin. “A ó lọ sí Oǹdó. Ráàkì ni kí oníkálukú mú dání. Ẹ má mú ọṣẹ.”

Ó wo Wòlíì, ó ń dúró dè é. Wòlíì gbé Bíbélì kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ ti àpò náà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀.